Ọ̀mì: Bí Ayò Ṣe Ń Parí Láìsí Ẹni Tó Ṣubú

Nínú gbogbo ohun tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ayò, ọ̀mì ni a máa ń fi sẹ́yìn jù lọ. A ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fojú ka ọmọ inú ilé láì fọwọ́ kàn án, bí a ṣe ń kó odù jọ, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ sínú ilé kan, bí a ṣe ń jẹ méjì méjì àti mẹ́ta mẹ́ta, a ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú kí ẹni tí a ń bá ta ayò gbàgbé ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ayò bá parí ní 24 sí 24, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ tún ọmọ pín. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tó ta ọ̀mì ti ṣiṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ wọn ju ti ẹni tó pa òpè láyò mẹ́rin léraléra lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ó ṣe rí lójú ọpọ́n ayò tiwa àti bí ó ṣe rí lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, nítorí pé lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí ọ̀mì ń gbà wá kò tíì mọ ayò tó ń ta.

Bantè ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú náà wà ní ẹkùn Collines ní àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà tó gba Savalou kọjá lọ sí Bassila àti Djougou. Àwọn Ìṣà tó ń gbé ibẹ̀ ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn, ayò ọlọ́pọ́n tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ sì ni ayò wọn. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ dé Savalou, àwọn Màhì náà ń ta á, adji ni wọ́n ń pè é. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni a ń fi bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. A ó kó ọmọ inú ilé kan, a ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tó tẹ̀lé e lápá ọ̀tún, títí yóò fi yí dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sì sọ iye tó wà nínú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kó 25 ti borí. Níwọ̀n ìgbà tí 48 sì ti ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ọ̀mì ti wà nínú ayò láti ìgbà tí a ti pín ọmọ sílé.

Òpè kì í sábà rí i. Nínú ayò òpè, ẹnì kan á gbàgbé ilé mẹ́ta tó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú, ẹnìkejì á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ilé ni ọ̀mì tó ń sún mọ́ tòsí. Bí o bá fẹ́ jẹ mí níhìn-ín, mo ti fi ọmọ kún ilé náà kó di mẹ́ta kí o tó dé; bí mo bá ń kó odù jọ láti fi yí ọpọ́n ká, ìwọ náà ti ń kó tìrẹ. Ọmọ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, méjì síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún, títí tí ọpọ́n yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, tí iye ọwọ́ àwọn méjèèjì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń hàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìparí kan tí ẹnikẹ́ni lè tò sójú ọpọ́n kó sì dán an wò. Èmi àti ìwọ ti kó ọmọ 23 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Méjì péré ló kù, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ. Ká máa ka ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan láti òsì rẹ̀ lọ sí ọ̀tún rẹ̀, láti orí ìkíní dé ìkẹfà. Ọmọ tèmi wà ní ilé kẹta mi, tìrẹ wà ní ilé kẹta rẹ, èmi ló sì kàn láti ta. Kò sí ohun tí a lè yàn: mo sún tèmi sí ìkẹrin, o sún tìrẹ sí ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ títí tí méjèèjì fi dé ìkẹfà. Mo wá sún tèmi bọ́ sí ilé kìíní rẹ. Ọ̀dọ̀ mi ti ṣófo báyìí, ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ. Òfin tí ọ̀pọ̀ ọ̀ta ń tẹ̀lé ni pé a kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹnìkejì níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá wà láti bọ́ ọ; nítorí náà, dandan ni kí o gbé ọmọ tó wà ní ìkẹfà rẹ wá sí ilé kìíní mi. A tún ti dọ́gba, ọ̀kan ní ilé kìíní mi, ọ̀kan ní ilé kìíní rẹ, èmi ló sì tún kàn. A lè máa yí bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹnì kankan. Kálukú á mú èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, 24 sí 24.

Ẹ wá sún ọmọ tèmi síwájú ní ilé kan ṣoṣo. Ó wà ní ìkẹrin, tìrẹ ṣì wà ní ìkẹta, èmi náà ló ṣì kàn. Lójú ẹni tó ń wòran, mo ti ṣíwájú rẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí tèmi bá fi máa bọ́ sí ilé kìíní rẹ, ìkarùn-ún ni tìrẹ yóò wà, o kò sì ní ọmọ kankan tó lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀nà àtibọ́ mi kò sí mọ́, ọmọ méjèèjì di tìrẹ, o pa mí ní 25 sí 23. Bí ó bá jẹ́ ilé kejì ni tèmi wà, ọ̀mì ni síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé kìíní, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sọ́dọ̀ mi, èmi ni yóò sì kó méjèèjì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ yára ló ń pàdánù, ẹni tó mọ bí a ṣe ń falẹ̀ ló ń là á já. Ọ̀ta tó mọ èyí kì í dúró kó di ọmọ méjì kó tó ronú. Nígbà tí ọmọ bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ṣì kù lójú ọpọ́n, tí ó rí i pé òun kò lè kó 25 mọ́, ó ti ń wá ilé tí yóò ti fi ìgbésẹ̀ kan ṣòfò, kí ìparí lè bá òun níbi tí yóò ti rọrùn. Bí a ṣe ń mọ ọ̀mì nìyẹn, láti òkèèrè.

Ẹni tó bá kọjá níbi tí a ti ń ta ayò máa ń kí ọ̀ta, ó sì máa ń kí òpè; ọ̀ta ló ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí ayò bá parí ní ọ̀mì, mo gbà pé àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ka ọ̀mì sí iṣẹ́ gidi mọ́. Ní ọdún 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, Henri Bal àti John Romein, gbé ayò yìí fún kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí lọ́hùn-ún, awari. Ibi tí àwa ti bẹ̀rẹ̀ lókè yìí ni àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀, láti ìparí. Wọ́n kọ́kọ́ wá ìdáhùn fún gbogbo bí ọmọ díẹ̀ ṣe lè dúró lójú ọpọ́n, wọ́n fi ọ̀kan kún un, wọ́n tún fi ọ̀kan kún un, títí wọ́n fi dé orí 48. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dúró lójú ọpọ́n jẹ́ 889,063,398,406, ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ló sì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ kí wọ́n tó wò ó tán. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì bá ta ayò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Òfin lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lò sún mọ́ tiwa gan-an. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo kà á. Gbogbo 25 tí ẹnikẹ́ni ti kó rí, àṣìṣe ẹnìkejì ló fún un.

Ibi ọ̀mì yìí ni dáàmù náà ń lọ. Ní 2007, Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1989 lórí dáàmù olójú 64, ọ̀mì ni ìdáhùn tiwọn náà. Èyí tí àwọn ará ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ń ta ní ojú 100 àti ọmọ 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì sí ẹni tó wò ó tán. Síbẹ̀, ọba mẹ́ta kò lè mú ọba kan ṣoṣo tó bá ti gba ìlà gígùn tó dábùú pátákó láti igun dé igun.

Ṣẹ́ẹ̀sì ló tóbi ju agbára kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lọ títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá inú rẹ̀ ló gbà pé ọ̀mì ni ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ṣẹ́ẹ̀sì ti dé etí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá nísinsìnyí, pàápàá látìgbà tí Tunde Onakoya, tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, ti fi wákàtí 60 ta á ní gbangba Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹni tó bá sì ti mọ ayò dáadáa kò ní pẹ́ kó tó lóye bí ọ̀mì inú ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń wáyé. Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó kù kò tó láti ká ọba mọ́, bíi kó ku ọba àti ẹṣin kan lọ́wọ́ ẹnì kan, kó ku ọba nìkan lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń lé ọba ẹnìkejì síwá sẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, tí ọba náà kò rí ibi sá pamọ́ sí. Bí gbogbo ọmọ bá dúró bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì kan ẹnì kan náà láti gbé, ẹni tó bá fẹ́ lè pe adájọ́ kó béèrè ọ̀mì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbé 50 láìsí ẹni tó jẹ ọmọ kankan tàbí tó sún ọmọ ogun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn méjèèjì sì lè fohùn ṣọ̀kan. Èyí tó yani lẹ́nu jù nínú wọn ni ti ọba tí ẹnikẹ́ni kò lé, ṣùgbọ́n tí kò ní ojú kankan tó lè tẹ̀, tí ọmọ mìíràn kò sì sí lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tó lè gbé. Nínú ayò, ẹni tí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣófo, tí kò sí ẹni tó lè bọ́ ọ, ti pàdánù ọmọ tó kù. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, àìlèrìn yẹn gan-an ló ń gbà á là.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹni méjì nínú ìdíje ẹgbẹ́. Olùkọ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ni ọmọ funfun. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ló ni dúdú. Kò sí ọ̀gá nínú wọn. Wọ́n ń ta á lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ti ka ìwé díẹ̀, wọ́n sì ti lu ara wọn lálùbami rí. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọba rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé ìṣọ́, wọ́n pààrọ̀ ẹṣin méjì, wọ́n pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Àárín ọ̀nà ni ọ̀dọ́kùnrin ti gbójú fo nǹkan kan, olùkọ́ sì jẹ ọmọ ogun rẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin bá ṣe láti ìgbà náà lọ ni yóò sọ bóyá ó mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Òpè á bínú, á fi ayaba rẹ̀ sáré lọ sí ìhà ọba ẹnìkejì, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, ó ti kú. Ẹni tó bá mọ̀ á rántí pé ẹni tó ní ọmọ ogun lé ló fẹ́ kí àwọn ọmọ ńlá tán lórí pátákó, kí ọmọ ogun tó fi lé náà lè rìn lọ di ayaba. Nítorí náà, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ àwọn ọmọ ogun, títí tí ẹnìkejì kò fi ní ní ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn kì í fi gbogbo ìgbà tó. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun ń tán ní méjì méjì, ayaba lọ, ilé ìṣọ́ lọ, títí tó fi ku ọba funfun, ọmọ ogun funfun kan, àti ọba dúdú.

Pátákó ní òpó mẹ́jọ tí a fi lẹ́tà pè, láti a dé h, àti ìlà mẹ́jọ tí a fi nọ́ńbà pè, láti 1 dé 8. Ọba funfun wà ní e5, ọmọ ogun rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní e4, ọba dúdú wà ní e7. Ọba méjèèjì kọjú síra wọn, ojú kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, òfin kò sì gba kí ọba tẹ ojú tó kan ọba ẹnìkejì. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ló kù láti béèrè: ta ló kàn? Bí ó bá jẹ́ dúdú ló kàn, ayò ti tán. Dandan ni kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó sẹ́yìn, ọba funfun á gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, á ṣíwájú ọmọ ogun rẹ̀, á sì mú un dé ìlà 8. Bí ó bá jẹ́ funfun ló kàn, òun ni yóò yà, kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́ láéláé. Ọmọ kò yàtọ̀, ojú tí wọ́n dúró sí kò yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín ìṣẹ́gun àti ọ̀mì, bíi ti ọmọ ayò méjì tí a wò lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ ló kàn. Ó gbé ọba sí d5, ọ̀dọ́kùnrin gbé tirẹ̀ sí d7 kí wọ́n tún lè kọjú síra. Olùkọ́ sún ọmọ ogun dé e5, ọba dúdú padà sí e7 láti dí ọ̀nà rẹ̀. Ó tún sún un dé e6. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Ọba dúdú gbọ́dọ̀ sẹ́yìn, ojú mẹ́ta ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀: d8, e8 àti f8. Bí ó bá lọ sí d8 tàbí f8, ọba funfun á gun d6, dúdú á padà sí e8, ọmọ ogun á sì wọ e7. Ọba dúdú kò ní ibi mìíràn láti lọ ju f7 lọ, funfun á wọ d7, ayaba tuntun ti dé nìyẹn. Sẹ́yìn gbọọrọ, sí e8, ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà. Ọ̀dọ́kùnrin fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ka ìgbésẹ̀ lọ́kàn, ó sì gbé ọba sí e8. Olùkọ́ gun d6, òun náà bọ́ sí d8, wọ́n tún kọjú síra. Ọmọ ogun wọ e7, ó lé ọba, ọba padà sí e8. Ohun méjì ló kù fún olùkọ́: kó fi ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ kí dúdú jẹ ẹ́, tàbí kó gbé ọba wá sí e6 láti ṣọ́ ọ. Bí ó bá wá sí e6, ẹnikẹ́ni kò lé ọba dúdú, ṣùgbọ́n d7, d8, f7, f8, gbogbo rẹ̀ ti di ti funfun. Kò lè rìn. Ọ̀mì.

Ẹni tó ń kọ́ni ní ṣẹ́ẹ̀sì tí kò bá tíì fi èyí han ọmọ, kó dáwọ́ gbogbo ohun mìíràn dúró kó fi hàn án. Èkejì tí mo máa fi kún un ni ti Philidor, olórin ará Faransé tó gbé ayé láti 1726 sí 1795, tó sì kọ ìwé lórí ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ṣàlàyé nínú ẹ̀dà ti 1777 bí ẹni tó ní ọba àti ilé ìṣọ́ ṣe lè gba ọ̀mì lọ́wọ́ ẹni tó ní ọba, ilé ìṣọ́ àti ọmọ ogun kan lé. Ọba ẹni tó ń gbèjà á dúró síwájú ọmọ ogun náà, ilé ìṣọ́ rẹ̀ á sì dí ìlà 6 dábùú, kí ọba ẹnìkejì má bàa rí ọ̀nà gòkè. Yóò máa rìn síwá sẹ́yìn lórí ìlà yẹn láìṣe nǹkan mìíràn. Ọjọ́ tí ọmọ ogun bá wọ ìlà 6 fúnra rẹ̀ ni ilé ìṣọ́ á sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà 1, á máa lé ọba láti ẹ̀yìn. Ọba náà kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí mọ́, nítorí pé ọmọ ogun tó lè bò ó ti lọ síwájú. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni sùúrù rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú lé ọba kí ọmọ ogun tó rìn lè pàdánù.

Bíbéèrè ọ̀mì náà ní ìlànà. FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, là á kalẹ̀ pé kí ẹni tó fẹ́ béèrè kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lórí pátákó, kó béèrè, kó tó tẹ aago. Kò lè yí ọ̀rọ̀ náà padà títí ẹnìkejì yóò fi dáhùn. Ẹnìkejì lè gbà, ó lè fi ẹnu kọ̀, ó sì lè kọ̀ láìsọ̀rọ̀ nípa gbígbé ọmọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á kọ àmì ìdọ́gba sínú ìwé tí wọ́n ń kọ ayò sí, kí adájọ́ lè rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò ní ṣàdédé na ọwọ́ sí olùkọ́. Yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà ká ta ọ̀mì?” Bí èyí àgbà kò bá tíì rí i pé ọ̀nà ti dí, yóò ní, “Ṣe sùúrù ná, àbúrò, jẹ́ kí n wò ó.” Ìdáhùn tó dára ni. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ gbà á sí ìwọ̀sí, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ gbà pé ìbéèrè náà jẹ́ àfojúdi. Ohun tó burú ni kí ọmọdé rí ọ̀mì kó má lè béèrè nítorí ìtìjú, tàbí kó gbà nítorí ọ̀wọ̀ nígbà tí ó ti fẹ́ borí. Ojú ọpọ́n kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ojo ló ń ta ọ̀mì, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Moscow láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Anatoly Karpov ló di adé ayé mú, Garry Kasparov, ọmọ ọdún 21, ló wá gbà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹfà ni yóò gba adé, ọ̀mì kò ní kà. Nígbà tí wọ́n ta mẹ́sàn-án, Karpov ti borí mẹ́rin, Kasparov kò ní nǹkan kan. Ó ku méjì péré kí ojú ti ọmọ náà níwájú gbogbo ayé. Ó yí ọwọ́ ayò padà. Ó dáwọ́ ìkọlù dúró, ó ń dí ọ̀nà, wọ́n sì ta ọ̀mì 17 léra. Karpov tún mú ọ̀kan, ó di márùn-ún, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan náà kò wá mọ́. Kasparov borí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayò 32, ó tún borí ní 47 àti 48. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1985, Florencio Campomanes tó jẹ́ ààrẹ FIDE dá ìdíje náà dúró. Ayò 48 ni wọ́n ta, 40 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀mì. Nígbà tí wọ́n tún pàdé lọ́dún yẹn kan náà, Kasparov gba adé ní oṣù kọkànlá. Ní ojú tèmi, inú àwọn ọ̀mì 17 yẹn ni ó ti gbà á.

Ọ̀mì kan wà tí n kò lè gbèjà. Ẹni méjì á jókòó, wọ́n á gbé mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á bọ ọwọ́, wọ́n á lọ jẹun, nítorí pé ààbọ̀ tí ọ̀mì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fún àwọn méjèèjì láti gba owó ìdíje. Ìyẹn kì í ṣe ayò. Nítorí irú rẹ̀ ni àwọn tó ṣètò ìdíje kan ní Sofia ní Bùlgáríà ní 2005 ṣe fòfin de kí àwọn tó ń ta ayò máa fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá sì ti tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi ìyẹn bú gbogbo ọ̀mì. Ní London ní 2018, ayò 12 tí Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana ta fún adé ayé, ọ̀mì ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì bú wọn fún un. Ayò àkọ́kọ́ nìkan gba ìgbésẹ̀ 115 àti bíi wákàtí méje, Caruana sì wà nínú ewu fún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní sọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Èyí ló gbé mi padà sórí “ẹ tún ọmọ pín”. Ní ìdíje London ti ọdún 1862, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn: bí ayò bá jẹ́ ọ̀mì, wọ́n á tún un ta. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Dundee ní Skọ́tlándì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀, ọ̀pọ̀ ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwa ni a ṣì ń ta ayò bíi ti 1862. Bí àwọn ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou bá fẹ́ ṣe ìdíje ayò láàárín ara wọn, ìmọ̀ràn tèmi ni kí wọ́n kọ ẹyọ kan fún ẹni tó borí, ààbọ̀ fún ọ̀mì, òfo fún ẹni tó pàdánù, kí ọ̀mì má ṣe di ohun tí a ń nù kúrò lójú ọpọ́n. Ẹ wo bí yóò ṣe rí nínú ìdíje tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ta ayò méje. Ẹnì kan borí márùn-ún, ó pàdánù méjì, ó ní márùn-ún. Ẹnì kan borí mẹ́ta, ó ta ọ̀mì mẹ́rin, kò sí ẹni tó pa á rí, òun náà ní márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń ta á báyìí, ẹni kejì yẹn á tún ayò mẹ́rin ta lẹ́yìn tó ti rẹ̀ ẹ́, títí yóò fi pàdánù níbì kan, a ó sì ní ẹni àkọ́kọ́ ló mọ ayò jù. Pẹ̀lú ààbọ̀, àwọn méjèèjì á dúró lórí ìlà kan náà, a ó sì wá wo àwọn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ta, iye tí àwọn yẹn náà ní, kí a tó mọ ẹni tó lọ síwájú.